Ọkọ̀ Aba àti ẹrù Agége

Kí ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, oko ló wà níbẹ̀, oko kòkó sì ló gbajúmọ̀ jù. Jacob Kehinde Coker ní oko ńlá sí Ìfakọ̀. Òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Ọ̀pọ̀ lébírà tó ṣiṣẹ́ fún wọn ló kó irúgbìn kòkó àti ọgbọ́n rẹ̀ dání nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Ojú irin tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba àárín oko wọn kọjá, nítorí náà kòkó Agége kì í pẹ́ dé Ìddó ní Èkó.

Ẹnu òkun ni wàhálà wà. Iyanrìn abẹ́ omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Èbúté Forcados ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké á sì máa ru ẹrù Èkó lọ bá wọn níbẹ̀. Ẹrù tó ń lọ Liverpool á kọ́kọ́ gba apá ìlà-oòrùn lọ ná! Ìgbà tí ìjọba kó òkúta sọ́tùn-ún sósì ẹnu òkun ni omi tó jìn. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Wáàfù Apápá tẹ̀ lé e ní 1926.

Irú èbúté bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Aba bá. Ilé ìkànkọ̀ Barclay Curle ní Glasgow ló kàn án ní 1918. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n kàn fún ilé iṣẹ́ Glen Line, Glenapp sì ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí Elder Dempster ti Liverpool fi rà á, tí wọ́n ṣe yàrá èrò sí i, tí wọ́n sì fi ìlú Aba nílẹ̀ Ìgbò sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ sí ná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń kó lẹ́tà, èrò àti ẹrù pọ̀. Owen Philipps, tó di Lord Kylsant lẹ́yìn náà, ni olórí ilé iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ díísù.

Ọkọ̀ Selandia, tí wọ́n kàn ní Copenhagen ní 1912, ló fi han ayé pé ẹ́ńjìnì díísù lè la òkun ńlá já. Irú ẹ́ńjìnì yẹn ló wà nínú Aba. Ẹ́ńjìnì náà á tẹ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan; bí epo bá ti ta sí i, iná sọ nìyẹn. Epo tó ń lò lójúmọ́ kò wúwo tó ìdajì èédú tí ọkọ̀ onísítíìmù ẹgbẹ́ rẹ̀ á jó, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sì ń rọ ọ́ sí, nítorí náà àyè tí èédú ìbá gbà di àyè ẹrù. Àwọn olówó ọkọ̀ kì í sábà sọ èyí tó kù. Nínú ọkọ̀ onísítíìmù, èèyàn ló ń fi ṣọ́bìrì bu èédú sínú iná tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kúrù, ará Freetown àti ará Èkó ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ ọ̀hún burú, àmọ́ iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ díísù kò ní ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, owó oṣù wọn sì wà lára èrè tí wọ́n ń yin ẹ́ńjìnì náà fún.

Kòkó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí a kàn ń jù sínú ọkọ̀. Àpò 16 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ó máa ń fa òórùn: bí ẹ bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ẹran tàbí epo pupa, ẹni tó rà á ní Liverpool á mọ̀. Inú ooru ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń di í, òtútù òkè òkun ló sì ń lọ bá, nítorí náà irin ara ọkọ̀ máa ń làágùn. Wọ́n á tẹ́ pákó àti ẹní sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi má bàa kan àpò, wọ́n á sì máa ṣí ojú ihò afẹ́fẹ́ bí ojú ọjọ́ bá gbà. Ẹni tó bá fi èyí ṣeré, kòkó tó hu ni yóò já sílẹ̀.

Àmọ́ bí Agége ṣe ń fún ọkọ̀ lẹ́rù náà ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Obì gbànja tí àwọn Hausa fẹ́ràn, Gold Coast ló ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá sí Èkó, kí rélùwéè tó gbé e lọ sókè Ọya. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí igi kòkó Agége sì ń darúgbó, àwọn àgbẹ̀ yíjú sí gbànja. Agége di ọjà obì tí gbogbo Àríwá mọ̀, obì Gold Coast sì dín kù gan-an nínú ọkọ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ṣe, èyí ló gbọ́n jù: ojú irin nìkan ni obì nílò, kò sí ẹni tó ń dúró de iye tí Liverpool máa dá lé e.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n sọ Aba di ọkọ̀ ìwòsàn. Ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú nítòsí erékùṣù Crete ní 1941, wọ́n tún bá a ní Naples ní 1944, kò rì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: Accra àti Apapa rì ní 1940, Adda tẹ̀ lé wọn ní 1941. Ìgbà tí ogun parí ló wá ṣubú. Wọ́n tà á ní 1947, ó di Matrona, ó sì dojú dé nínú èbúté Birkenhead lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n sì fọ́ ọ ta bí irin àlòkù ní 1948.

Ní àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà. Ẹ̀rọ àti ohun èlò bẹ̀rẹ̀ sí gba Apápá wọlé, wọ́n ń gòkè lọ síbi tí kòkó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Lára ilé iṣẹ́ tó wá dúró níbẹ̀ ni Cocoa Industries Limited, tó ń lọ kòkó, tó ń fún òróró rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́kọ̀.