Ọwọ́ Oníṣẹ́ Aago Lára Rílì Kentucky: Ìtàn àti Àríyànjiyàn Àtúnṣe

Rílì ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ ìdí ọ̀pá ìpẹja láti fi tú okùn ìwọ̀ sínú omi, kí a sì fi ká a padà. Nínú àwọn rílì àtijọ́ tí àwọn olùkójọ ń wá kiri, èyí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí àtúnṣe wọn ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà pé kí a dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àwọn mìíràn ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ìtàn rílì náà gbe àwọn ẹni kejì yìí, ṣùgbọ́n kò gbè wọ́n níbi gbogbo.

Kì í ṣe Kentucky ni rílì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwòrán tí Ma Yuan, ayàwòrán ilẹ̀ Ṣáínà, yà ní nǹkan bí ọdún 1195, apẹja kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, rílì sì wà lára ọ̀pá rẹ̀. Ní London, Onesimus Ustonson ti ń polówó rílì oníjíà ní nǹkan bí ọdún 1770. Nítorí náà, àsọdùn ni láti pe George Snyder ní ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan irú rílì bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà àti oníṣẹ́ aago ni Snyder ní ìlú Paris, ní Kentucky, apẹja paraku sì ni pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1810 sí 1820 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rílì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọwọ́ tó mọ bí a ti ń gé eyín jíà aago ni ó gé eyín jíà rílì yìí.

Ẹja tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ló sì fà á. Ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè ni wọ́n ń fi ṣe ìjẹ fún ẹja báàsì. Ìjẹ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́; bí kẹ̀kẹ́ ìkákùn bá há díẹ̀, ìjẹ kò ní lọ jìnnà nígbà tí a bá jù ú. Kẹ̀kẹ́ rílì Kentucky máa ń yí wẹ́rẹ́. Bí a bá sì yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ní àwọn ọdún 1830, Jonathan Meek, oníṣẹ́ aago mìíràn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Frankfort. Àbúrò rẹ̀, Benjamin Meek, dara pọ̀ mọ́ ọn. Benjamin Milam sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí ó tó di alábàáṣiṣẹ́. Bí àjọṣe wọn ti ń yí padà ni orúkọ tí a fín sára rílì ń yí padà. Ní ọdún 1916, ilé iṣẹ́ Horton ti Connecticut ra òwò Meek. Orúkọ náà, nígbà náà, ni ìwé ọjọ́ orí rílì. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìdánrin fá lẹ́tà rẹ̀ kúrò ti fa ìwé náà ya.

Ẹ̀rí tó jinlẹ̀ jù wà lára súkúrúù. Ọdún 1864 ni William Sellers gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní Philadelphia kí ìlà ara súkúrúù lè bára mu jákèjádò Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé tirẹ̀. Ní ìdí iṣẹ́ àwọn Meek àti Milam, wọ́n ń gé súkúrúù fún ihò tirẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń sàmì sí i kí ó má bàa ṣìnà. Atúnṣe tó bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú àwo kan, tí ó wá ń fi tipátipá yí wọn wọlé, yóò jẹ́ ihò rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń to súkúrúù sórí páálí bí wọ́n ṣe ń tú u.

Níbi tí àwọn adánrin ti jàre ni inú rílì. Òróró àtijọ́ máa ń dì bí oje igi, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa ha ìdí ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ ń yí lé. Ó pọn dandan láti fi kẹrosíìnì fọ èyí kúrò, kí a sì kán òróró tuntun tó ṣàn sí i, ẹ̀kán kan péré. Òde rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Irin tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì ni wọ́n sábà máa ń lò, bẹ́ẹ̀ kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀: bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó máa ń ṣú, ibi tí àtàǹpàkò apẹja ń tẹ̀ a sì máa mọ́ ju ibi yòókù lọ. Kò sí bí a ṣe lè dá ìyẹn padà tí a bá ti dán an.

Ti ọwọ́ ìyí ló le jù. Eyín erin ni wọ́n fi ṣe ọmọ orí àwọn kan, àdéhùn àgbáyé sì ti de òwò rẹ̀ láti ọdún 1990. Egungun màlúù ni ó kù fún atúnṣe, bí ó bá ti lè sàmì sí i pé tuntun ni. Bí ó bá sì bá súkúrúù kan tí kò ní àmì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀: ẹnìkan ti tún rílì náà ṣe rí, nígbà tí ó ṣì ń pẹja.