Aṣọ Èkìtì Lára Màríà

Ní ọdún 1947 ni Fádà Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. George Bámidélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, gbẹ́gi níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá, sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

A ní kí wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù. Aṣọ wo ni wọn ìbá wọ̀ fún Màríà bí kò ṣe èyí tí wọ́n ń rí lára àwọn ará oko àti ọjà? Màríà di abiyamọ tó ró ìró. Àwọn tí Bíbélì Yorùbá pè ní amòye di ọba aládé.

Àwọn kan nínú ìjọ kọminú: ṣé kì í ṣe òrìṣà ni a tún ń gbé wọlé yìí? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ọwọ́ tó gbẹ́ ère ojúbọ ló ń gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó ní kí Màríà bọ́ ìró ń sọ fún abiyamọ Èkìtì pé aṣọ rẹ̀ kò yẹ níwájú Ọlọ́run.

Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 1954. Làmídì, nínú ìmàle rẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn.