Ìwà Ipá Abẹ́lé sí Obìnrin ní Nàìjíríà: Bó Ṣe Gbilẹ̀ Tó àti Ìparí Ọ̀rọ̀ Tí Kì í Parí

Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera ní ọdún 2018, wọ́n bi àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 bóyá ẹnikẹ́ni ti lù wọ́n rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú 100 wọn, 31 dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn tó ti wọlé ọkọ, 36 nínú 100 ní ọkọ ti lu àwọn, ti fi ipá bá àwọn lò pọ̀, tàbí ti fi ọ̀rọ̀ àti ìhàlẹ̀ dá àwọn lóró. Iye yìí jẹ́ 25 ní ọdún 2013. Ó lè jẹ́ pé ìlù ń pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu àwọn obìnrin ló ń yà.

Síbẹ̀, iye kan wà nínú ìwádìí kan náà tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìyẹn lọ. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fi ipá bá lò pọ̀, 55 kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ibì kankan. Ọ̀dọ̀ ẹbí tiwọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wá a gbà lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé àgọ́ ọlọ́pàá. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí à ń gbà parí ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé wà lára ohun tó ń bọ́ ìwà ipá náà.

Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ bí ìparí náà ṣe máa ń rí. Obìnrin á sá wá sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó wú. Ọkọ á kó àwọn àgbà lẹ́yìn, á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á wá kọjú sí obìnrin pé ẹnu rẹ̀ mú jù, wọ́n á rán an létí pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni, wọ́n á ní kó ro tọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà. Pásítọ̀ lè ní kó gbààwẹ̀ sí i, ààfáà lè ní kó ṣe sùúrù, ọlọ́pàá náà lè ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Bí ó bá yarí, dálémoṣú ni wọn yóò máa pè é, ẹ̀gàn náà á sì ta bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò tíì rílé ọkọ. Ẹ tún wo ti owó: níbi tí ọkọ bá ti ni owó òwò tí obìnrin ń ná, kí ni yóò fi gba yàrá kan ṣoṣo?

Àwọn obìnrin pàápàá gba díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí gbọ́. Ní ọdún 2018, 28 nínú 100 obìnrin gbà pé ó tọ́ kí ọkọ lu ìyàwó fún ó kéré tán ìdí kan, bíi kó jẹ́ kí oúnjẹ jóná tàbí kó jáde láìsọ fún un. 21 ni nínú 100 ọkùnrin. Iye ti obìnrin jẹ́ 35 ní ọdún 2013, nítorí náà èrò ń yí padà.

Ìpalára rẹ̀ kò mọ sí egbò ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, ewu pé kó bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó sì fi 16 nínú 100 ga ju tiwọn lọ. Àwọn kan kò rí àánú gbà nínú oyún pàápàá: nínú ìwádìí ọdún 2018 náà, 6 nínú 100 àwọn tó ti lóyún rí ni wọ́n lù nígbà tí oyún wà nínú wọn. Ọmọbìnrin tó rí i tí bàbá ń lu ìyá rẹ̀ sì wà nínú ewu jù láti bá irú rẹ̀ pàdé nílé ọkọ tirẹ̀.

Òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, Èkìtì ní 2011. Òfin àpapọ̀ tó dé ní ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Àmọ́ Abùjá nìkan ni òfin yẹn múlẹ̀ sí, àfi ìpínlẹ̀ tó bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Ní Àríwá, abala 55 ìwé òfin ọ̀daràn ṣì fàyè gba ọkọ láti bá ìyàwó wí nípa lílù, bí àṣà wọn bá gbà á tí kò sì ṣe é léṣe tó burú. Ìtìjú ńlá ni kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin wa.

Nígbà ìsémọ́lé Kòrónà ní ọdún 2020, ẹ̀sùn irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ tó wọlé ní Èkó, Ògùn àti Abùjá kúrò ní 60 nínú oṣù Kẹta, ó di 238 nínú oṣù Kẹrin. Nígbà tí kò sí ilé bàbá tàbí ilé àdúgbò tí obìnrin lè sá lọ, ohun tó wà nílẹ̀ hàn.

Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń sá wá. Ẹ má dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ dókítà, ẹ bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ tó jókòó ti ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni.