Musk Kọ́ Ló Ni Ọ̀rọ̀ Náà "Grok"

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí xAI, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, ti gbé ẹ̀rọ AI rẹ̀ tó ń jẹ́ Grok jáde, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé Musk ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn kan ní inú ìwé Douglas Adams, The Hitchhiker's Guide to the Galaxy, ló ti mú un. Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò fara sin: xAI fúnra rẹ̀ ló kéde pé ìwé Adams làwọn wò ṣe ẹ̀rọ náà. Ìṣesí ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn mìíràn ní àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Robert Heinlein, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló ṣẹ̀dá grok nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, Stranger in a Strange Land. Ọdún 1961 ni ìwé náà jáde. Ọdún 1971 ni wọ́n bí Musk. Ìwé Adams kò jáde títí di 1979. Ní ti àwọn oníkọ̀ǹpútà, Jargon File, àkójọ ẹnà iṣẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1975, dárúkọ Heinlein gbangba. Kí ló dé tí a tún ń fún wọn ní ohun tí àwọn fúnra wọn ti ní kì í ṣe tàwọn?

Ẹni tó bá mọ orísun yìí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò yé. Nínú ìtàn náà, àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló tọ́ Valentine Michael Smith, ọmọ èèyàn, dàgbà. Ní èdè wọn, "mu" ni grok kọ́kọ́ jẹ́. Omi ṣọ̀wọ́n ní Máàsì, nítorí náà ẹni méjì tó bá jọ mumi ti di mọ̀lẹ́bí títí ayé nìyẹn. Omi tí èèyàn bá sì mu ti di ara rẹ̀, kò ṣeé yọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni grok ṣe wá túmọ̀ sí kí á mọ nǹkan títí àwa àtòun yóò fi di ọ̀kan. Ọ̀mọ̀wé Mahmoud, ẹ̀dá ìtàn kan níbẹ̀, tiẹ̀ ṣàlàyé pé a kò lè kórìíra ohunkóhun tọkàntọkàn àfi tí a bá ti grok rẹ̀ tán. Nígbà yẹn, ara wa gan-an là ń kórìíra. Ọgbọ́n ńlá lèyí, ó sì ń dùn mí tí àwọn èèyàn bá ń lo ọ̀rọ̀ náà fún "ó yé mi" lásán.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn wa, bí ẹ bá tún ń kọ nípa Grok, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ Heinlein.