Orúkọ Àgùdà àti Ìwádìí Orírun Ìdílé ní Èkó

Ẹni tí ó bá ń tọpa baba ńlá rẹ̀ tí ó ti Bàhíà padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún orúkọ ìdílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, da Silva tàbí Pereira kì í ṣe orúkọ ìran. Orúkọ olówó ẹrú ni. Olùwádìí tí ó bá tẹ̀lé e nìkan, ẹnu ọ̀nà olówó ni yóò já sí.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle ní Salvador ní 1835, ìjọba lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti gba òmìnira kúrò nílùú; àwọn mìíràn fúnra wọn gba ìwé ìrìnnà. Àkọsílẹ̀ ìwé ìrìnnà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Bàhíà. Ṣùgbọ́n Nagô ni àwọn akọ̀wé ń pe Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ lápapọ̀.

Níbi tí ìwé bá dákẹ́ sí, ẹnu àwọn àgbà ilé ni a ó wò. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kò jẹ́ kí Esan parẹ́ lára orúkọ rẹ̀. Ìwé lè sọ ọdún tí baba ńlá wọkọ̀. Oríkì orílẹ̀ ni yóò sọ orírun rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì kọ èkejì, àbọ̀ ìtàn ni ó gbé délé.