Àgbẹ̀ Tó Dán Pùrọ̀pẹ́là Wò Nínú Adágún Omi Oko Rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lé irin kékeré kan tó máa ń yí lábẹ́ omi lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn apẹja. Pùrọ̀pẹ́là ni wọ́n ń pè é.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kan àwa tí a kò ní odò ńlá?" Ó kàn yín. Odò Ọya, ní Jẹ́bà, ní Pàtígì àti ní adágún Káínjì, jẹ́ orísun ẹja fún agbègbè wa. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ wọ òwò ẹja, tí ẹ sì fẹ́ dá owó jọ láti ra ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì àlòkù, ẹ má ṣe fojú fo irin yìí. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, lítà kọ̀ọ̀kan ti di ohun tí à ń ṣírò kí a tó tú u sínú ẹ́ńjìnnì. Pùrọ̀pẹ́là tí kò bá ọkọ̀ mu yóò jẹ epo, yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, gbèsè yóò sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ bí irin náà ṣe dé ayé. Ìtàn rẹ̀ ni yóò kọ́ wa bí a ṣe ń yàn án.

ỌKỌ̀ ONÍKẸ̀KẸ́ LÓRÍ ODÒ ỌYA

Láyé àtijọ́, àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn ni àwọn apẹja wa fi ń tukọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì oníná sínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ńlá ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n to pákó yí kẹ̀kẹ́ náà ká. Bó ti ń yí, pákó ń gbá omi sẹ́yìn, ọkọ̀ sì ń lọ síwájú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Macgregor Laird kó wọ odò Ọya ní 1832. Orúkọ wọn ni Quorra àti Alburkah. Nínú àwọn òyìnbó 48 tó bá wọn lọ, mẹ́sàn-án péré ló yè é. Àìsàn ibà ló pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà nínú ìrìn àjò yẹn.

Yàtọ̀ sí àìsàn, kẹ̀kẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ nínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ á rì jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbìyànjú bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, kẹ̀kẹ́ á máa gbá afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹrù yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

ÀGBẸ̀ KAN NÍ HENDON

Àgbẹ̀ ni ẹni tó ṣe púpọ̀ láti rọ́pò kẹ̀kẹ́ náà. Francis Pettit Smith ni orúkọ rẹ̀. Ó ń sin ẹran ní Hendon, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1835 ó ṣe ọkọ̀ kékeré bí ohun ìṣeré, ó fi irin tí a lọ́ bí ojú ìdè sẹ́yìn rẹ̀, ó sì dán an wò nínú adágún omi oko rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1836 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. John Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, náà gba tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1837 ni kí ẹ gbọ́. Smith ti kan ọkọ̀ tó tóbi díẹ̀, ó ń wà á nínú odò tí wọ́n gbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Igi ni ó fi ṣe pùrọ̀pẹ́là rẹ̀, ó sì gùn, ó lọ́ yípo lẹ́ẹ̀méjì. Lọ́jọ́ kan, ó gbá nǹkan, ìdajì rẹ̀ sì kán dànù. Gbogbo ènìyàn rò pé ọkọ̀ yóò dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Èyí tó gùn ti ń fi agbára ẹ́ńjìnnì ṣòfò. Pùrọ̀pẹ́là tó tóbi jù kọ́ ni èyí tó dára jù.

Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Wọ́n kan ọkọ̀ Rattler, wọ́n ń fi oríṣiríṣi pùrọ̀pẹ́là sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ eré tí kálukú bá sá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1845 wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ ìdí Alecto, ọkọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tí agbára ẹ́ńjìnnì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa fà. Rattler fa Alecto sẹ́yìn, ó sì sáré ju máìlì méjì lọ ní wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò pẹ́ tí pùrọ̀pẹ́là fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tó ní pùrọ̀pẹ́là gba odò Ọya wọ odò Bẹ́núè. Dókítà Baikie ló ṣe olórí rẹ̀, Ajayi Crowther sì tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lórí odò, àìsàn kò sì pa ẹnì kan nínú wọn, nítorí pé wọ́n ń lo oògùn kuníìnì. Ní 1857 Baikie tún padà wá nínú ọkọ̀ Dayspring. Ó gun odò kọjá Ràbà, ṣùgbọ́n nítòsí Jẹ́bà, ní ilẹ̀ Kwara wa yìí, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta, ó sì fọ́. John Glover, tó di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, ló fẹsẹ̀ rìn gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó. Ẹ rántí àpáta yẹn. Omi wa kì í ṣe òkun gbalasa.

Ẹ́ŃJÌNNÌ Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀ ÀTI ADÁGÚN KÁÍNJÌ

Ní Amẹ́ríkà, Ole Evinrude, ọmọ Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní 1909. Agbára ẹṣin kan ààbọ̀ ló ní. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti Japan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1960, ó sì di orúkọ tí gbogbo apẹja mọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ní 1968 omi kún adágún Káínjì, ó bo ìlú Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣí dáàmù náà ní 1969. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ibẹ̀ wà títí di 1991, nígbà tí wọ́n fi Bùsà sí Ìpínlẹ̀ Niger. Adágún Jẹ́bà náà tẹ̀ lé e ní ọdún 1980 sí 1989. Adágún fẹ̀ ju kí á fi àjẹ̀ nìkan wà á, bẹ́ẹ̀ sì ni omi Káínjì máa ń fà lọ́dọọdún ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Bó bá fà, kùkùté igi tó wà lábẹ́ á sún mọ́ ojú omi. Ibẹ̀ ni pùrọ̀pẹ́là ti ń rí ìjà.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

Ẹ wo ara pùrọ̀pẹ́là, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì, bí àpẹẹrẹ 11 × 13. Íǹsì ni. Ti àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ti ìkejì ni ìrìn rẹ̀, ìyẹn ni bó ṣe yẹ kí ó lọ síwájú tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ìdè ń wọ inú pákó. Omi kì í ṣe pákó, nítorí náà díẹ̀ máa ń yọ̀ dànù nínú ìrìn yẹn.

Nọ́ńbà kejì yìí dà bí gíà ọkọ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ tó sì ń gun òkè, gíà kékeré ni awakọ̀ ń fi sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ìpẹja tó kó àwọ̀n, yìnyín, ẹja àti ènìyàn mẹ́ta: nọ́ńbà kejì tó kéré ló yẹ ẹ́. Nọ́ńbà ńlá wà fún ọkọ̀ fúyẹ́ tó ń sáré.

Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá yóò sọ iye ìgbà tó yẹ kó yí ní ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Ká ní ó kọ 4,500 sí 5,500. Ẹ kó ẹrù iṣẹ́ òòjọ́ sínú ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin lórí omi tó parọ́rọ́, kí mẹkáníìkì fi aago rẹ̀ ka yíyí náà. Bó bá jẹ́ 4,100 péré, pùrọ̀pẹ́là náà wúwo jù fún un. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ á gbóná, á máa jẹ epo, èédú á sì dì sínú rẹ̀. Íǹsì kan tí ẹ bá dín nínú nọ́ńbà kejì máa ń fi nǹkan bíi 150 sí 200 kún yíyí rẹ̀. Nítorí náà, bí 13 bá fún yín ní 4,100, ẹ dán 10 wò, yóò wọ ààlà. Bó bá kọjá 5,500, ẹ fi íǹsì kún un, nítorí àsáréjù náà ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ ńkọ́? Ẹ má kọ́kọ́ dá pùrọ̀pẹ́là lẹ́bi. Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀ àti agbára inú sìlíńdà wò, ẹ sì fọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló gba agbára rẹ̀, ẹ má ṣe gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́. 40 àtijọ́ kì í ṣe 40 mọ́. Nọ́ńbà kejì tó kéré díẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́.

ÀWỌN NǸKAN MÌÍRÀN TÍ Ẹ NÍ LÁTI WÒ

1. Eyín ọ̀pá àti irú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá pùrọ̀pẹ́là mu. Ẹ mú èyí àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

2. Alumíníọ́mù kò wọ́n, bó bá sì gbá kùkùté, òun ló máa tẹ̀, kì í sábà ba gíà jẹ́. Irin tí kì í dípatà le, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìgbájú náà dé inú gíà. Lórí omi oníkùkùté, alumíníọ́mù ló sàn, kí ẹ sì ní àpọ̀jù kan nínú ọkọ̀.

3. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò lọ, ẹ wo rọ́bà inú ìdí pùrọ̀pẹ́là bóyá ó ti já. Nínú ẹ́ńjìnnì kéékèèké, ẹ wo píìnì tí wọ́n ṣe kó lè ṣẹ́. Ẹ má fi ìṣó dí ipò rẹ̀ láé.

4. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ga jù, pùrọ̀pẹ́là á máa mu afẹ́fẹ́. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀.

5. Okùn àwọ̀n tó bá wé mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn pùrọ̀pẹ́là ń gé rọ́bà tó sé omi. Bí ọ́ìlì gíà bá funfun bí ògì, omi ti wọlé.

6. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pùrọ̀pẹ́là, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yọ wáyà púlọ́ọ̀gì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àgbẹ̀ Hendon dán tirẹ̀ wò lórí omi kí ó tó náwó ńlá sórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ Rattler wọ̀n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀. Kí owó tó jáde lọ́wọ́ akápò, kí olùtajà jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù. Kí ẹ wọn lítà epo tó lò láti ibì kan dé ibì kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ dán pùrọ̀pẹ́là méjì wò lọ́jọ́ kan náà. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi òógùn ojú kó jọ kò yẹ kó rì sódò nítorí nọ́ńbà kan tí a kò wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ẸGBẸ́

Kí ni ọkọ̀ wa yóò máa kó lójoojúmọ́? Ta ni yóò máa kọ iye epo àti ìrìn sínú ìwé? Èló ni a óò yà sọ́tọ̀ fún pùrọ̀pẹ́là àpọ̀jù kí a tó ra ẹ́ńjìnnì?