Òjé, Tánganran àti Píútà: Bí Adàrin Ṣe Ń Dá Irin Àlòkù Mọ̀, láti Ifẹ̀ dé Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa ère dídà nílẹ̀ Yorùbá yóò ṣàkíyèsí pé ìbéèrè méjì ló gba iwájú nínú iṣẹ́ wọn: ta ló dà á, ìgbà wo ló sì dà á? Ìbéèrè kẹta kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ìyẹn ni pé báwo ni adàrin ṣe mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e sórí iná? Ìbéèrè náà wúwo, nítorí pé ọ̀pọ̀ bàbà àti idẹ tí àwọn baba wa dà ló gba ọwọ́ oníṣòwò wá, yálà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá, gẹ́gẹ́ bí òrùka, tàbí gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tó ti gbó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àlòkù ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìmọ̀ dídá irin mọ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn fúnra rẹ̀. Píútà ni mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé irin tí èdè wa kò fún lórúkọ tirẹ̀ ni.

Ká kọ́kọ́ wo orúkọ. Nínú èdè Yorùbá, irin ni orúkọ ohun tí Ògún ni, òun náà la sì ń lò fún gbogbo ẹbí rẹ̀ lápapọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ la ti ń rí idẹ, bàbà, òjé, fàdákà àti wúrà. Tánganran wà lẹ́bàá wọn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tirẹ̀ ń yẹ̀: àwọn kan ń lò ó fún tíìnì, àwọn mìíràn ń lò ó fún abọ́ funfun tó ń dán. Píútà ní tirẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀. Tíìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi bàbà díẹ̀ àti áńtímónì díẹ̀ kún un kó lè le. Láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń fi òjé sí i, pàápàá nínú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá kan tó dàgbà, tó rí i pé ó funfun bí eérú, pé ó rọ̀, pé ó sì tètè yọ́, òjé ni yóò pè é. Àwọn atúmọ̀-èdè tó kọ ọ́ pé lẹ́ẹ̀dì nìkan ni òjé ti dín ọ̀rọ̀ náà kù ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tèmi. Ìwà irin náà àti ìlò rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí òjé fi bá Ọbàtálá mu, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́: funfun ni, tútù ni, kò sì le bí irin Ògún.

Ẹ̀rí wà ní Ifẹ̀ pé àwọn adàrin àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín irin kan àti èkejì dáadáa. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú àwọn orí dídà tí gbogbo ayé ti wá mọ̀ báyìí jáde. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tí Frank Willett sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀, fi hàn pé irú irin méjì ló wà níbẹ̀: idẹ tí òjé wà nínú rẹ̀, àti bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àmúlùmálà rárá. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n wà nínú àwọn tí wọ́n fi bàbà dà. Ẹni tó bá ti da irin rí mọ̀ pé bàbà gidi ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Ooru tó ń fẹ́ ju ti idẹ lọ, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, kò sì ń ṣàn wọ inú mọ́ọ̀dù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Òjé tí a bá fi kún idẹ ló ń mú kó ṣàn. Ẹni tó da ìbòjú náà mọ̀ pé bàbà ló wà lọ́wọ́ òun, ó sì dà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ “brọ́ńsì” tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kọ sábẹ́ ohun gbogbo tó pọ́n láti Ifẹ̀ títí dé Ìbíní ń bo ìmọ̀ kan mọ́lẹ̀. Brọ́ńsì gidi, èyí tí bàbà àti tíìnì pàdé nínú rẹ̀, la rí ní Igbo-Ukwu, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀. Idẹ ló pọ̀ jù ní Ìbíní.

Ìtàn àwọn máníllà, òrùka irin tí wọ́n ń ná bí owó, tún ṣí ọ̀rọ̀ náà payá sí i. Ní 1548, ìdílé Fugger ní ilẹ̀ Jámánì bá ọba Pọ́túgà ṣe àdéhùn láti máa pèsè máníllà, àdéhùn náà sì ya èyí tó ń lọ sí Mina sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń lọ sí apá ibòmíràn ní etíkun wa. Oníṣòwò kì í ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà rẹ̀ kò bá lè mọ ìyàtọ̀. Ní 2023, Tobias Skowronek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú PLOS ONE, tó fi òjé inú máníllà àti òjé inú iṣẹ́ ọnà Ìbíní wéra, tó sì tọpa rẹ̀ dé agbègbè odò Rhine. Òrùka àlòkù ni oníṣẹ́ Ìbíní yọ́, tó fi ṣe ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Nígbà tó sì di 1948 sí 1949, ìjọba amúnisìn fi owó ra máníllà tó lé ní mílíọ̀nù 32 kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tà á bí irin kọ́ńdẹ̀mù. Àlòkù padà sí àlòkù.

Níbo wá ni píútà wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henrietta Marie, tó rì nítòsí Key West ní Florida ní 1700 lẹ́yìn tó ti ta àwọn ènìyàn wa ní Jàmáíkà, ti ná ọjà ní etíkun ìlà-oòrùn ibi tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Nígbà tí wọ́n rí àwókù rẹ̀ ní 1972, abọ́, ṣíbí àti ife píútà tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára ohun tí wọ́n kó jáde. Ọjà tó ṣẹ́kù lára èyí tí wọ́n fi ń ra ènìyàn ni. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ irin yìí bí ẹni pé ohun ẹlẹ́wà lásán ni.

Abọ́ píútà tó gúnlẹ̀ ní etíkun wa kò lè pẹ́ bí máníllà. Idẹ ń fẹ́ ooru tó lé ní 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, bàbà ń fẹ́ 1085. Píútà kò fẹ́ ju 170 sí 240 lọ. Iná ẹ̀yìn àdògán tó fún un, kò nílò ẹwìrì. Ohun tó bá rọrùn láti yọ́ báyìí ni yóò kọ́kọ́ di nǹkan mìíràn: ẹ̀gbà, òrùka, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ìkòkò. Ìwà píútà fúnra rẹ̀ ló ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́, mo sì gbà pé apá kan rẹ̀ ti wọ inú ohun tí à ń pè ní òjé. Kì í sì í ṣe òkun nìkan ni tíìnì gbà wá. Ní Liruwe ní ilẹ̀ Kánò, wọ́n ti ń yọ́ tíìnì sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi koríko, wọ́n sì ń tà á, kó tó di pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibi ìwakùsà Jọ́ọ̀sì.

Ìmọ̀ yìí ṣì wà láàyè, agbègbè Alímọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ibi tó dára láti wò ó. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 síbẹ̀. Ààtàn Solous ní Ìgàndò ti gba ìdọ̀tí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníkọ́ńdẹ̀mù sì ń ti ọmọlanke kiri Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá láti ra ohun tó ti bàjẹ́. Nínú ẹrù tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba, ife ọtí, ife-ẹ̀yẹ àti abọ́ tó dà bí fàdákà lè bá wọn wá. Ẹni tó fẹ́ yọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́.

Òòfà ni àkọ́kọ́. Bí ó bá fà á, kì í ṣe píútà. Agolo mílíìkì tí a ń pè ní tíìnì, irin ni, tíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n ló kàn: ohun tó fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí títóbi rẹ̀ ṣe yẹ lọ, alumíníọ̀mù ni. Bí a bá mú ìwọ̀n ìṣù kan náà, tíìnì wúwo tó alumíníọ̀mù ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, òjé sì wúwo tó o ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Lẹ́yìn èyí, kí a fa etí rẹ̀ sórí bébà funfun. Òjé máa ń fi ìlà eérú sílẹ̀ bíi pẹ́ńsùlù, píútà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìlà. Kí a lù ú: píútà tó dára ń dún, òjé ń dún gbì. Bí a bá tẹ ọ̀pá tíìnì sẹ́yìn, ó máa ń ké wínrínwínrín bí ẹni pé nǹkan ń fọ́ nínú rẹ̀, igbe yìí sì ń dínkù bí irin mìíràn ṣe ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ní ìkẹyìn, irin gbígbóná tí àwọn atúnfóònù-ṣe fi ń lẹ wáyà yóò yọ́ ìdí píútà níbi kọ́lọ́fín kan, ṣùgbọ́n kò ní ran síńkì, tó ń fẹ́ 420, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ran alumíníọ̀mù, tó ń fẹ́ 660. Òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. EPNS túmọ̀ sí pé bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ló wà lábẹ́ fàdákà tí wọ́n fi bò ó. EPBM ni ti píútà tí wọ́n fi fàdákà bò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn atúnfóònù-ṣe yẹn. Ohun tí wọ́n ń yọ́ sórí wáyà, “lẹ́ẹ̀dì” ni wọ́n ń pè é jákèjádò Èkó. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀, tíìnì kó ìdá 60 nínú 100, òjé sì kó 40. Tíìnì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n orúkọ òjé ló jẹ́. Ohun kan náà tí mo sọ nípa òjé àwọn olùsìn Ọbàtálá ló tún ṣẹlẹ̀ níbí, ní ojú wa, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí kò ka ìwé atúmọ̀-èdè kankan. Tìróò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ìwé kan ń pè é ní áńtímónì, bẹ́ẹ̀ òkúta òjé ló wà nínú púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Àṣìmú lè pa ènìyàn lára. Alumíníọ̀mù àlòkù ni wọ́n fi ń da ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àti agolo ọtí ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí òjé bá bá a wọ inú iná, kò sí ojú tó lè rí i lára ìkòkò náà mọ́. Jeffrey Weidenhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò láti Kamẹrúùnù ní 2014, wọ́n sì yẹ 42 wò láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní 2017. Òjé ń jáde wọ inú ohun tí wọ́n sè nínú àwọn kan lára wọn. Píútà àtijọ́ ní ewu kan náà. Àtúndà rẹ̀ kò yẹ fún ohun tí ẹnu ń kàn, àfi bó bá dájú pé kò ní òjé nínú.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn náà ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀. Ẹ̀gbà òjé wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílé àti lókè òkun, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán yẹ irin wò láì fọ́ ọ sì ti wà tó ṣe é gbé lọ́wọ́. Kí á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbà wọ̀nyẹn, kí á sì kọ ìwọ̀n tíìnì àti ti òjé tó bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí àwọn olùsìn fún un. Ní Ìgàndò, kí á ya àwòrán òǹtẹ̀ ìdí abọ́ kí oníkọ́ńdẹ̀mù tó tà á fún adàrin, nítorí pé abọ́ náà lè má dúró di ọjọ́ kejì.